Má-fà-á àti Ìgbòkun tí ó Há Sínú Òpó

Má-fà-á ni orúkọ tí gbogbo èbúté mọ̀ ọ́n sí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, alátùn-únṣe ìgbòkun. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ra orúkọ náà. Nínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé, inú òpó gan-an ni a ń ká ìgbòkun sí, bí ẹni ká ẹní, kí a tó tún fi okùn fà á jáde láti ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ó bá há síbẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kí ó so okùn mọ́ ẹ̀rọ ìfàkùn tí a ń fi ọwọ́ yí, kí ó sì fi tipátipá fà á. Ọkùnrin yìí a sì kígbe pé, "Má fà á! Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Lẹ́yìn náà ni yóò to ìlànà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: dẹ okùn, ká a padà díẹ̀, tún tú u díẹ̀, fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò láti ìsàlẹ̀, má sì gun òpó láìmọ ohun tí o ń lọ wá.

Ìyàwó rẹ̀ ni ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ ń gé, ìyàwó ń rán. Lórí ọkọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá fẹ́ ká ìgbòkun wọlé, ọkọ a máa darí ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìyàwó a sì di okùn mú kí aṣọ má baà dẹ̀. Ó ti fi òwú pupa rán àmì sí ibi tí ogbó ti mú kí aṣọ náà rọ̀ jù. Bí òwú yìí bá dé ẹnu ihò, yóò kígbe pé, "Ó dé o!" yóò sì fún okùn mọ́ra gírígírí. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó fún un, aṣọ yóò ṣẹ́ po.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, dókítà ojú ti wí fún wọn pé ojú òsì obìnrin náà ti lọ, ọ̀tún kò sì ní pẹ́ tẹ̀lé e. Kò béèrè ohun púpọ̀.

"Bàbá wọn," ni ó wí, "ẹ gbé mi dé ojú òkun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé wa tó wà lórí òkè yẹn, láti ojú omi ni mo ti fẹ́ rí i kẹ́yìn."

Ọjọ́ tí ó rọrùn dé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà níbi àtúnṣe, nítorí náà ìgbòkun nìkan ni wọ́n gbójú lé. Obìnrin náà jókòó, ó kọjú sí òkè. Ọkọ rẹ̀ fa okùn. Ìgbòkun jáde dé ìdajì, ó sì dúró. Má-fà-á dẹ okùn, ó ká a, ó tú u. Kò jáde, kò wọlé.

Káfíńtà tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn na ọrùn.

"Má-fà-á! Ẹ ò ní fà á lónìí náà?"

"Kò tíì yá."

"Ẹ̀sọ̀ yín yìí á pa wá o! Ìgbín á ti dé erékùṣù kí ẹ tó ṣí níbẹ̀."

Ìyàwó dá a lóhùn pé, "Káfíńtà, ìwọ tí o fi odindi ọdún ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí kò tíì pa dé!"

"Ìyá, ilẹ̀kùn yẹn ń mí ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Má-fà-á fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò láti ìsàlẹ̀, ó sì gun òpó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Lókè, ó rí i: aṣọ ti ṣẹ́ po nínú ihò, òwú pupa sì wà láàárín ìṣẹ́po náà. Ọjọ́ tí wọ́n ká a wọlé kẹ́yìn ni ó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. "Ó dé o" ti pẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Ó gbá òpó mọ́ra, kò sì tètè sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá wọn," ni ó wí nígbà tí ó délẹ̀, "òwú pupa yẹn, ṣé o rí i lọ́jọ́ tá a ká a?"

Obìnrin náà fèsì pé, "Mi ò rí i. Ìró aṣọ lẹ́nu ihò ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ta ni yóò máa di okùn mú?"

Lójijì ni atẹ́gùn yí padà. Ìdajì ìgbòkun kún, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn tí a fi so ó mọ́ èbúté, ó ń gbá ti káfíńtà.

"Ẹ fà á!" ni káfíńtà ké. "Ẹ fi ẹ̀rọ fà á jàre!"

"Ẹ gé e," ni ìyàwó wí.

"Ọwọ́ rẹ ló rán an."

"Ọwọ́ mi náà ni yóò dì í mú."

Má-fà-á tún gun òkè, ó ń gé aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, obìnrin náà ń tọ aṣọ kiri pẹ̀lú ìka, ó ń fà á tẹ́ fún ọ̀bẹ. Nígbà tí aṣọ já, ó wó bo obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń ká a bí ẹni ń ká aṣọ ọmọ.

Atẹ́gùn náà kò rọlẹ̀ títí ojú ọ̀tún fi tẹ̀lé òsì. Nígbà tí omi pa rọ́rọ́, ọkọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá sí èbúté. Ògiri ilé ìkẹ́rùsí ni obìnrin náà kọjú sí, ó ní, "Òkè náà nìyẹn, àbí?" Ọkọ rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú, ó yí i sí ibi tí òkè wà.

Títí di òní ni wọ́n ń sọ pé Má-fà-á gbàgbé òfin ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ìbínú fa ìgbòkun títí ó fi ya. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Okùn ọkọ̀ tirẹ̀ ni ó ń so lọ́wọ́ nígbà náà, ìró aṣọ lásán ni ó gbọ́. Aṣọ tí a fà ya a máa ya wúruwùru, a sì máa tẹ̀lé ojú ìrán. Mo ti fọwọ́ kan etí ìgbòkun yìí: ó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìlà tí a fi rúlà fà. Òwú pupa ṣì wà nínú òpó. Má-fà-á kò fà á.