Ohun Tí A Gbọ́ Lẹ́yìn Orí

Ọwọ́fẹ́lẹ́ ni àwọn ọmọdé ń pè é, nítorí pé bí ó bá ń dirun, orí kì í dunni. Onídìrí kejì tó wà ní òpópónà náà ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú, Fàátu, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ìyẹn.

Iyàrá iwájú ilé ni Ọwọ́fẹ́lẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àga onítìmùtìmù kan wà níbẹ̀ fún àwọn àgbà, àpótí kékeré kan sì wà fún àwọn ọmọdé. Ọmọ yóò jókòó lórí àpótí náà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò sì máa wo títì láti ẹnu ọ̀nà. Ìyàrun wà nínú ike, òwú dúdú rọ̀ mọ́ ìṣó lára ògiri, ìgò òróró sì wà lójú fèrèsé kí oòrùn lè máa yọ́ ọ.

"Ẹ rọra, mà. Orí mi kì í ṣe ebè."

"Ebè ni. Wò ó bí koríko ṣe kún un. Ìgbà wo lo fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"Ojoojúmọ́ ni, mà."

"Ojoojúmọ́ ọdún wo?"

Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá yá, ẹ̀rín á tán, ọ̀rọ̀ mìíràn á sì jáde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í wo àgbà lójú bó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni kì í sọ rárá. Ṣùgbọ́n lórí àpótí yìí, kò sí ojú tí ó ní láti sá fún. Ibẹ̀ ni Ọwọ́fẹ́lẹ́ ti ń gbọ́ èyí tí ń tọ̀ sórí ẹní, èyí tí ẹ̀rù olùkọ́ ń bà, àti èyí tí kì í sùn nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá ń jà.

Kò sọ ọ̀kankan síta rí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé, "Ohun tí a bá gbọ́ lẹ́yìn orí, ẹ̀yìn orí ni ká fi í sí." Onídìrí tó bá ń ṣòfófó, àga rẹ̀ á ṣófo. Ọwọ́fẹ́lẹ́ di òfin yìí mú bí ẹni di okùn kànga mú. Ó sì fi í yangàn.

Obìnrin tẹ́lọ̀ kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópónà náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un: ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ akólòlò. Bí ọ̀rọ̀ bá há sí ọmọkùnrin náà lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó fẹ́ sọ. Nítorí èyí ni gbogbo àdúgbò fi ń pe ọmọbìnrin náà ní Ògbufọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Ògbufọ̀ wá dirun. Orí àwọn ọmọ yòókù máa ń mì bí ti alángbá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ bí ìkòkò lórí àdògán.

"Mà, wọ́n ní mo ń lọ."

"Mo gbọ́." Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ló fẹ́ mú un lọ tọ́. "Ilé ńlá ni, wọ́n ní ilé-ìwé ibẹ̀ sì dáa. Ìwọ nìkan lo máa ni yàrá tìrẹ, ìwọ ọmọ olówó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọwọ́fẹ́lẹ́ di ìlà méjì kí ọmọ náà tó tún la ẹnu.

"Tí mo bá lọ, ta ló máa dúró de ọ̀rọ̀ ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ta ni?"

"Ti àbúrò mi. Tó bá ti ní 'm-m-m', màámi á ní, 'Omi lo fẹ́ mu? Lọ mu ún.' Kì í ṣe omi, mà. Ṣùgbọ́n á lọ mu ún."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọwọ́fẹ́lẹ́. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Tó bá dàgbà sí i, ahọ́n ẹ̀ á là."

"Kó tó dàgbà ńkọ́, mà?"

Ọwọ́fẹ́lẹ́ nawọ́ mú ìgò òróró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí náà kò fẹ́ òróró mọ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa dákẹ́ ni. Mi ò fẹ́ lọ, mà."

"Má bẹ̀rù. Tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀."

Nígbà tí ó dì í tán, Ògbufọ̀ dìde, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì wo onídìrí náà lójú fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ó fún ọ jù ni?"

"Rárá, mà."

Ó bá lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọwọ́fẹ́lẹ́ lọ gba síkẹ́ẹ̀tì tó fún tẹ́lọ̀ rán. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ ilé-ìwé tuntun ni ó ń rán lọ́wọ́.

Tẹ́lọ̀ dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ò sọ nǹkan kan fún yín? Mo bi í, ó ní, 'Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni, mà.' Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Ọwọ́fẹ́lẹ́. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Kí ni ọmọdé fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ ọmọdé náà ni."

Tẹ́lọ̀ wò ó díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹyin lohùn, pé bó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyin tí ènìyàn gbá mọ́wọ́ títí náà a máa bàjẹ́, a sì máa rùn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ògbufọ̀ lọ. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọmọkùnrin náà ṣì ń gbìyànjú. Á dúró níwájú ènìyàn, á pajú dé, á máa fa ọ̀rọ̀. Àwọn tó láàánú á bá a parí rẹ̀, wọn á sì parí rẹ̀ sódì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta títí á fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, orí ló fi ń dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ rẹ̀ gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní ọmọ náà kò lóye.

Ọdún kejì ni Ògbufọ̀ tó wá lo ìsinmi nílé. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òfin ilé-ìwé rẹ̀ ṣe wí. Síbẹ̀ ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó sórí àpótí.

"Kí ni kí n dì níbí? Àfi kí n fi òróró pa á."

"Ẹ fi pa á, mà."

Ọwọ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ọmọ náà ń wo títì.

"Àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀, mà. Mo bi í pé kí ló fẹ́, ó kàn lọ bu omi mu."

Ọwọ́ onídìrí náà dúró.

"Mà, ẹ ò bá mi sọ fún màámi lọ́jọ́ yẹn?"

"Sọ kí ni?"

"Ohun tí mo sọ fún yín. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa ṣe ògbufọ̀ mi ni. Nítorí kí ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín?"

Ọwọ́fẹ́lẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó mú ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n sì jọ lọ bá tẹ́lọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láì dín, láì lé. Tẹ́lọ̀ ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ bó ti ń gbọ́, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bi yín," ó wí níkẹyìn. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wá nígbà yẹn. Èmi náà ò fẹ́ kó lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tọ́mọ fúnra ẹ̀ ò bá sọ nǹkan kan?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó dáa, ní báyìí ńkọ́? Ṣé o fẹ́ dúró?"

Ògbufọ̀ wo ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì yíjú sí wọn.

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni, mà."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tàn án, kò yí i padà. Bí ìsinmi ṣe parí, ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde lẹ́nu ọmọ kan lórí àpótí, Ọwọ́fẹ́lẹ́ á kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé kí n kàn gbọ́ ni, àbí kí n bá ọ sọ?" Ọ̀pọ̀ ní kó kàn gbọ́. Bí ọ̀kan bá ní, "Ẹ bá mi sọ, mà," á ti ṣọ́ọ̀bù, á sì lọ. Àwọn ìyá méjì ti torí èyí kó orí àwọn ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ Fàátu. Ọwọ́fẹ́lẹ́ kò bínú sí wọn.

Ó ní kí tẹ́lọ̀ máa jẹ́ kí ọmọkùnrin náà wá ní Sátidé. Kò ní irun tí wọn ó dì, ṣùgbọ́n ó ń wá, á sì jókòó sórí àpótí náà bí àyè bá wà. Ní Sátidé tó kọjá, ó dédé la ẹnu.

"Ẹ̀... ẹ̀... ẹ̀g..."

"Ẹ̀wù ẹ ni?" obìnrin tí wọ́n ń dirun fún bi í. "Ṣé ẹ̀gún gún ọ ni?"

Ọwọ́fẹ́lẹ́ gbé ìyàrun sókè kí obìnrin náà lè dákẹ́. Wọ́n dúró. Ọmọ náà pajú dé, ọrùn rẹ̀ le, ètè rẹ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé, ó sì kọjú sí títì.

Ọwọ́fẹ́lẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò bá a parí rẹ̀.

"Mo ń dúró," ó wí, ó sì ya ìlà mìíràn.