Kérésì tí A Fi Ikú Pamọ́ fún Ìyá Mi

Òórùn ilẹ̀ tútù ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Inú ilé gíláàsì ńlá kan ni, nínú ọgbà ewéko tó wà níbí ní Bronx, kò jìnnà sí Parkchester tí mò ń gbé. Níta, yìnyín bo ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, atẹ́gùn sì ń gé etí ẹni bí abẹ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé báyìí, ooru bò wá, gbogbo ibẹ̀ ń rùn bí oko lẹ́yìn òjò. Ìyá mi dúró. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ṣí fìlà onírun tí mo fi tipátipá dé fún wọn, wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Igi kòkó kan wà níbẹ̀ tí kò ga jù mí lọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó kékeré, wọ́n sì fi okùn yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Kòkó! Kòkó tí à ń sá sójú títì n'Iléṣà, òun ni wọ́n ń ṣọ́ bí ọba yìí? Ìyá Ìbejì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Òun ni yóò fọ ìkòkò lọ́dún yìí, kò sí àríyànjiyàn."

Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìyá Ìbejì ni àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá mi ní láyé, ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti kú. Wọ́n ti sin ín. Gbogbo ẹbí ló mọ̀, dé orí àwọn tó wà ní Staten Island. Ìyá mi nìkan ni kò mọ̀.

Ìwọ náà ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n á ní kó délé ná, kó jẹun, kó sinmi, kí àwọn àgbà méjì mẹ́ta tó pè é wọ yàrá. Bàbá mi ló pè mí láti Iléṣà láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára ìyá rẹ, òtútù tún ń bẹ níbẹ̀. Jẹ́ kó fi ayọ̀ ṣọdún. Tó bá padà délé ní oṣù kìn-ín-ní, a ó sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n kì í kúkú sin àbúrò, kí ló fẹ́ wá wò?" Èmi náà, tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá oníyàá kiri Bronx, mo rò ó, mo ní ó ti yé mi, sà. Mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi, mo sunkún mi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi omi tútù bọ́jú, mo jáde lọ din dòdò fún wọn.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni àṣà kan tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọge, ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn ọdún, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn á tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé, wọn á gbé ẹ̀pà sáàárín, ọ̀kan á sì bi èkejì pé, "Kí lojú rẹ rí lọ́dún yìí?" Ohun tó dára nìkan ni wọ́n ń sọ o. Ẹni tó bá ní kí òun ròyìn ìyà, wọn á ní kó panu mọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnì kejì kò rí: ìyàwó kan tó jó dáadáa ní Ìpetu, orin tuntun kan tí ẹgbẹ́ akọrin kọ, aṣọ òkè aláwọ̀ kan tí kò wọ́pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré ni yóò fọ ìkòkò ìrẹsì ọdún tuntun. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí Ìyá Ìbejì ti ń borí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé.

Nítorí náà ni ìyá mi ṣe ń wo New York bí ẹni tó ń kó ẹrù sápò. Mo mú wọn lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Òpó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí obìnrin tó kúnlẹ̀ tó pọn ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n wá tẹ eékún díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìkúnlẹ̀ o, Mà. Ó ti pẹ́." Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tún mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Manhattan níbi tí àwọn ọmọdé ti kọrin Kérésì lédè tí àwa méjèèjì kò gbọ́. Nínú tiréènì tí a wọ̀ padà sílé, ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ: "Ìyá Ìbejì á bú mi lónìí." Bí wọ́n bá ní kí n pè é, mo ní fóònù rẹ̀ jábọ́ sínú omi. Wọ́n ní kí n pe ọmọ rẹ̀. Mo ní ó ti lọ sí Abújá. Irọ́ kan ń bí ìkejì, èmi náà sì ń tọ́ wọn dàgbà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn ọdún pé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wà ní ibi ìdáná, mo gbọ́ ohùn ìyá mi ní pálọ̀. Wọ́n ti gbé fóònù sẹ́nu, wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, wọ́n ní fóònù rẹ kò dára, nígbàkígbà tó bá dára, gbọ́ tèmi." Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò: kòkó, òpó, àwọn ọmọ tó kọrin, ọkùnrin arúgbó kan tó ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. "Ọdún yìí, tèmi ló pọ̀. Fọ ìkòkò dáadáa." Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo ní ta ni yóò gbọ́ ọ? Mi ò mọ̀ pé ọmọ Ìyá Ìbejì ni fóònù yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé kò tíì lè pa á. Ó rí orúkọ ìyá mi, ó sì gbọ́ ohùn náà títí dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ni àmì méjèèjì tó ń fi hàn pé a ti gbọ́ ohùn tí a fi ránṣẹ́ yí sí àwọ̀ búlúù lójú ìyá mi.

Wọ́n dúró de èsì. Mo gbé oúnjẹ wá, wọn ò wò ó. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ó ti gbọ́ ọ." Mo ń bu ìrẹsì sínú àwo. "Ìyá Ìbejì gbọ́ pé mo borí, kò sì bú mi?" Wọ́n gbé ojú sókè. "Wò mí. Ọjọ́ wo ló kú?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Wọn ò sunkún. Mo sáré mú ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n tì í kúrò. "Gbé e kúrò lójú mi. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún! Lọ́jọ́ tí mò ń rẹ́rìn-ín níwájú kòkó, o dúró tì mí, o mọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. "Ta ló ní kí ẹ bá mi tọ́jú ẹkún mi?" Wọ́n pe bàbá mi, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún wọn. Mi ò gbọ́ rí kí bàbá mi bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n na ìka sí ilẹ̀ níwájú wọn. "Jókòó síbẹ̀. Kí lojú rẹ rí lọ́dún yìí?" Háà, ojú tì mí. Ọdún kọkànlá mi nìyẹn ní New York. Mo lè sọ orúkọ gbogbo ibùdó tí tiréènì ń dúró sí, mo sì mọ ilé tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn ti bàjẹ́. Mo ní mo rí òpó yẹn. "Èmi náà rí i." Mo ní kòkó. "Mo rí i. Èyí tí mi ò rí ni kí o sọ." Mo wá ní, "Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yẹn ń kọrin, ẹ dijú. Ẹnu yín ń tẹ̀ lé orin tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ sì ń fi ìka lù ú sí mi nítan. Ẹ dàbí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin ò lè rí ìyẹn."

Ìyá mi wo ìka wọn. "Ìyá Ìbejì ló máa ń lù mí nítan bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni wọ́n wí, ìgbà yẹn ni ẹkún náà tó dé. Mo gbá wọn mú, àwa méjèèjì sunkún títí ìrẹsì fi tutù lórí tábìlì. Mo fẹ́ràn Ìyá Ìbejì púpọ̀, èmi náà kò sì tíì rí ẹni bá mi sunkún rẹ̀ láti ọjọ́ tó kú.

Mo ti máa ń rò pé ayọ̀ ìyá mi ni a dáàbò bò lọ́dún yẹn. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ẹkún wọn ló ń bà wá. A jẹ́ kí wọ́n máa to ọ̀rọ̀ dídùn jọ fún ẹni tí kò sí mọ́, a sì ń pè é ní ìfẹ́. Láti ìgbà náà, bí ọdún bá ti ń parí tí òtútù sì mú, èmi náà máa ń jáde lọ wá nǹkan wò, nítorí wọn kì í gbàgbé láti bi mí.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀, láàárọ̀ kan nínú oṣù kejìlá, mò ń dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní Wakefield nígbà tí ìyá mi pè. "Jókòó," ni wọ́n wí. Mo ní kò síbi tí mo lè jókòó sí, ìdí ọkọ̀ ni mo wà. "Di nǹkan mú nígbà náà. Bàbá rẹ kú ní ìdájí òní. Àwọn ẹbí ní kí n má tíì sọ fún ọ. Mo ní ọmọ mi á sunkún bàbá rẹ̀ lónìí." Mo di òpó ìdí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gba báàgì mi, ó di èjìká mi mú, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì tirẹ̀ lọ. Ìyá mi kò gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá mi n'Iléṣà, èmi nínú yìnyín, a jọ sunkún bàbá mi lọ́jọ́ tí wọ́n kú gan-an.