Ìbò Mẹ́ta Tí Uncle Lollipop Fi Ṣe Àlejò

Bí ẹ bá ń gbé Peckham, Ṣàmsúdéènì Ajíbóyè á ti dá yín dúró rí. Òun ni bàbá tó máa ń wọ kóòtù yẹ́lò gbàgẹ̀rẹ̀ níwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó máa ń na ọ̀pá olórí róbótó sójú títì kí mọ́tò lè dúró fáwọn ọmọdé. Ọ̀pá yẹn jọ súìtì onígi, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ fi ń pè é ní Uncle Lollipop. Kò sí ohun tó ní táyà tí kì í dúró fún un. Nígbà kan, ọkọ̀ ọlọ́pàá ń fọn fèrè bọ̀ tòun teré burúkú, ó dá a dúró kí ọmọdébìnrin kan lè pa dà lọ mú bàtà rẹ̀ tó bọ́ sáàárín títì. Àwọn ọlọ́pàá dúró. Ta ni ò ní dúró?

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá yẹn tàn yín jẹ o. Ọkùnrin tó lè sọ fún tírélà pé kó dúró yìí, kò lè sọ fún èèyàn pé rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lẹ́nu rẹ̀ ni. Ìwó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bàbá rẹ̀ sì kọ́ ọ pé àlejò kì í ti ẹnu ọ̀nà ẹni pa dà lọ́wọ́ òfo. Ó tún kọ́ ọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ wá wo ìyà: ẹni tí kò lè sọ pé rárá, tí kò sì gbọdọ̀ yẹ àdéhùn! Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, máa ń sọ pé, "Bàbá Rahmah, bí olè bá kan ilẹ̀kùn yìí, ẹ̀yin lẹ máa bá a gbé tẹlifíṣọ̀n dé ìsàlẹ̀."

Ìgbà tó wá di pé ìbò káńsù ń bọ̀ lóṣù karùn-ún, àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri. Ṣàmsúdéènì ò tíì dìbò rí nílùú yìí. Iṣẹ́ òru ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kó tó di ẹni tó ń gbé ọ̀pá, oorun ló sì máa ń gbé e lọ lọ́jọ́ ìbò, bí kò ṣe mọ́ ọn lára láti dìbò nìyẹn. Rahmah ọmọ rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un lórí fóònù pé àdúgbò wọn máa yan èèyàn mẹ́ta sí káńsù, torí náà olúkúlùkù ló ní ìbò mẹ́ta. "Mẹ́ta!" ni bàbá wí. Inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹran iléyá fún un pé kó pín in.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn, òyìnbó obìnrin kan tó lẹ báàjì pupa ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ mọ́ àyà ni. Òjò ti pa á, atẹ́gùn ti yí agbòjò rẹ̀ sódì. Ó ń sọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ó ń sọ̀rọ̀ owó orí, omi ń kán nímú rẹ̀. Ṣàmsúdéènì ò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé obìnrin yìí mà fẹ́ ipò yìí o. Ó dá a lójú pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń du ipò, àbí ta ni òjò máa pa báyìí nítorí ẹlòmíì? "Madam," ló bá wí, "ìbò kan ti di tiyín." Ó po tíì fún un, obìnrin náà fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ẹnì kejì, ọmọkùnrin òyìnbó kan tó lẹ báàjì gíríìnì ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, àmọ́ ó ké pé, "Ẹ káàárọ̀ sà!" ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn yọ̀, ó bò ó lórí, Ṣàmsúdéènì ló bá a gbé e kúrò. Gbogbo Yorùbá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn, ó ti ná an tán. Ìbò kan di ti òun náà.

Ẹnì kẹta ni bàbá arúgbó kan tí báàjì tirẹ̀ jẹ́ búlúù. Orúnkún ń dùn ún, líìfù sì ti bàjẹ́, àtẹ̀gùn ló fẹsẹ̀ gùn dé òkè lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ọ̀nà, kò lè sọ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde mọ́. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n fún un lómi, Ṣàmsúdéènì sì fi Abóníkì pa orúnkún náà fún un. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni wọ́n sọ títí tíì fi tán. Ìgbà tí bàbá ń lọ ló tó yíjú pa dà pé, "Ṣé mo lè fọkàn sí ìbò yín?" Kí ni Ṣàmsúdéènì máa wí? Ìbò kẹta náà lọ.

Mìsítúrà jókòó síbẹ̀, ó ń gé ilá. "Bàbá Rahmah, ṣé ẹ bi ẹnì kankan nínú wọn pé kí ni wọ́n máa ṣe fún wa?"

"Ó ti rẹ̀ wọ́n, Ìyá Rahmah."

"Gbogbo wa ló rẹ̀! Èmi ò ní dìbò fún ẹnikẹ́ni torí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá máa tún líìfù yẹn ṣe lèmi ń wò."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn tún dún. Tiwalọpẹ́ ni, ọmọ ìdílé Aládùúrà kan ládùúgbò, tó ṣì wọ sùtánà funfun bó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Láti kékeré ni Ṣàmsúdéènì ti ń mú un sọdá títì láràárọ̀, ó ti wá dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Kò sí báàjì kankan láyà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀ yẹn.

"Daddy, wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ yín du yín. Wọ́n ní tó bá di summer, bọ́tìnnì tó ń tan iná dá mọ́tò dúró ni wọ́n máa rì síbẹ̀, káwọn ọmọ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀, kò séyìí tó fẹ́ dá sí i. Torí yín ni mo ṣe jáde fún ipò yìí, èmi nìkan, láìsí ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìbò kan péré."

Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin yìí ti pín gbogbo ìbò rẹ̀ fáwọn tó rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ là ló wá dé gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ yẹn ló sì kù tó ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ ohun tí ì bá máa fi àárọ̀ ṣe bí kò bá sí ọ̀pá yẹn, ìbẹ̀rù ẹ̀ ń mú un ju ikú lọ. Ó yẹ kó sọ fún ọmọ náà pé ọwọ́ òun ti ṣófo. Ó la ẹnu.

"Tiwalọpẹ́, ọmọ mi, ó ti di tìẹ."

Bí ilẹ̀kùn ṣe tì, Mìsítúrà kọjú sí i. "Mẹ́ta lẹ ní, mẹ́rin lẹ pín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ yọ bàbá olórúnkún yẹn kúrò."

"Lẹ́yìn tá a ti fi Abóníkì pa á lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ yọ ọmọ ẹ-káàárọ̀, ṣebí alẹ́ ló ń kí yín pé ẹ káàárọ̀."

"Ó dọ̀bálẹ̀, Ìyá Rahmah. Òyìnbó dọ̀bálẹ̀ fún mi!"

Mìsítúrà pòṣé, ó wọ yàrá lọ.

Iléèwé tó ń gbé ọ̀pá níwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dìbò. Ó mú káàdì tó fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ dání kí wọ́n lè dá a mọ̀, ó gba ìwé ìbò, ó lọ síbi tí wọ́n fi pákó gé sọ́tọ̀, tí wọ́n so pẹ́ńsù mọ́. Èrò rẹ̀ ni pé tóun bá ti rí ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé, Ọlọ́hun á fi èyí tóun máa fò han òun. Kò sí ojú ẹnì kankan níbẹ̀. Orúkọ ló kún un bámúbámú, ó sì wá rántí pé òun ò bi èyíkéyìí nínú àwọn àlejò yẹn lórúkọ. Ti Tiwalọpẹ́ nìkan ló mọ̀.

Ló bá mú ìwé ìbò dání, ó jáde síta. "Sir! Sir!" Obìnrin tó ń mójú tó ibẹ̀ sáré tẹ̀ lé e, ó ní èèwọ̀ ni, ìwé ìbò kì í jáde. Ṣàmsúdéènì na ọwọ́ sí i bó ṣe máa ń nà án sí mọ́tò, obìnrin náà sì dúró.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́nu géètì tàwọn ti báàjì wọn. Bí wọ́n ṣe rí i, ẹ̀rín bo gbogbo wọn lójú. "Ọ̀kan lára àwọn èèyàn wa rèé!" ni obìnrin tí òjò pa wí. "Rárá o, ẹ̀yìn wa ni wọ́n wà," ni ọmọ ẹ-káàárọ̀ fèsì. Bàbá olórúnkún na ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti sàn.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ṣàmsúdéènì wí, "níbo lorúkọ yín wà nínú ìwé yìí?"

"Orúkọ tèmi?" ni bàbá olórúnkún dáhùn. "Èmi ò du ipò kankan. Sydenham ni mò ń gbé. Mo kàn ń bá àwọn tó ń du ipò kan ilẹ̀kùn ni." East Dulwich ni obìnrin yẹn ti wá, ọmọ yẹn sì ti Deptford wá, àwọn náà ò du ipò. Kò sẹ́ni tó lè dìbò fún wọn ní Peckham, àwọn gan-an ò lè dìbò níbẹ̀.

Ẹlòmíì á jó! Ìbò ti pa dà sọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n bí Ṣàmsúdéènì ṣe ń pa dà wọlé, ohun tó ń rò ni pé òun ò ṣèlérí fún báàjì, èèyàn lòun ṣèlérí fún. Àwọn tórúkọ wọn wà nínú ìwé yẹn, òun ò rí wọn rí. Ojú sì ń tì í láti tún lọ bi àwọn tẹnu géètì lórúkọ, lẹ́yìn tíì, lẹ́yìn Abóníkì. Ó fa àmì ìbò gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Tiwalọpẹ́. Lẹ́yìn náà, ó lọ síbi tó ṣófo nísàlẹ̀ ìwé, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: ÌYÁ TÍ ÒJÒ PA. ỌMỌ Ẹ-KÁÀÁRỌ̀. BÀBÁ OLÓRÚNKÚN. Ó fa àmì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Oorun tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sun irú ẹ̀ rí látìgbà tó ti dé London.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn táwọn ọmọ ti wọ kíláàsì, Tiwalọpẹ́ wá dúró létí títì bí ẹni tí kò lè dá sọdá. Ṣàmsúdéènì na ọ̀pá, mọ́tò dúró, àwọn méjèèjì bọ́ sáàárín títì. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti dúró.

"Daddy, mi ò wọlé. Ìbò kan ló já mi."

"Ìbò kan kẹ̀?"

"Ìbò kan. Nígbà tí wọ́n ń kà á, ìwé kan rú wọn lójú. Àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ọ̀rọ̀ kan sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ò lè kà. Ọ̀gá wọn bi gbogbo èèyàn pé ta ló gbọ́ èdè yìí. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó ní tó bá jẹ́ àdúrà ló kọ, kò burú, òun máa kà á mọ́ tèmi. À bá dọ́gba, kèké là bá ṣẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ èèyàn ló ń dìbò fún, a jẹ́ pé mẹ́rin ló dì, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn."

Bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè. Ṣàmsúdéènì ò gbọ́. "Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mo sọ pé èèyàn ni wọ́n."

"Tiwalọpẹ́! Àdúrà ni ò bá pè é! Ta ni ì bá mọ̀?"

"Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ kí wọ́n ka gbogbo wọn ni, Daddy. Mo mọ̀ ọ́n. Ó dá ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró rí torí bàtà ẹyọ kan." Ó rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. "Bàtà mi ni."

Ẹ wo Uncle Lollipop láàárín títì tó ń sunkún, tí mọ́tò tò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ó bẹ ọmọ náà títí, ọmọ náà ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin sí i, wọ́n á tún dìbò, òun sì tún ń bọ̀. "Ṣé ẹ máa dìbò fún mi nígbà yẹn?"

Ṣàmsúdéènì la ẹnu. "Ó ti di" ti dé eyín rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò ṣèlérí," ló wí.

Tiwalọpẹ́ dì mọ́ ọn tòun ti ọ̀pá. "Daddy, èyí ló dá mi lójú jù." Ṣàmsúdéènì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú un sọdá.