Rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá Ọkọ Mi Tí Mo Sá Sóòrùn

Ìyá ọkọ mi ò bà mí lẹ́rù rí láwọn ọdún tá a fi gbé ní Okokomaiko. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí mo gbà pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá kí wa láti Ìlaròó ní gbogbo ìparí oṣù. Olórin ìlú wọn kan ló ki bàbá ọkọ mi sínú ẹ̀ nígbà tí bàbá ṣílé. Bàbá ti kú, olórin náà ò kọrin mọ́, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó tún ń ta irú ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù wà lọ́dọ̀ wa, torí pé àwa la ní rẹ́díógíráàmù tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Ìgbà tówó epo rọ̀bì ń wọ̀lú ni, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá tò lọ bẹẹrẹ lórí òkun, kò sì sáyè láti já ẹrù wọn. Ofatáìmù lónìí, ofatáìmù lọ́la. Owó ẹ̀ ló fi ra rẹ́díógíráàmù, ofatáìmù yìí náà ni kì í jẹ́ kó wálé gbọ́ ọ. Èmi ló fi rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá ẹ̀ lé lọ́wọ́, tòun tòfin: etí ni kí n ti máa dì í mú, n ò gbọ́dọ̀ fìka kan ojú ẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí n fi nù ún, kí n sì máa nù ún yípo, kí n má nù ún dábùú. Mo gé ìborùn tí mo fẹ́ràn jù nítorí ẹ̀. Mo gé e pẹ̀lú ìbínú.

Eruku ni ọ̀tá mi. Wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì lọ́wọ́, katakata ń kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eruku pupa sì ń bá wa jẹun nínú abọ́ kan náà. Mo fi aṣọ bo rẹ́díógíráàmù, mo fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, pàbó ló já sí. Lọ́sẹ̀ kan tí ìyá ń bọ̀, mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sí i, ó ń ta bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná.

Mo ní kí n fọ̀ ọ́. Mo po ọṣẹ sínú omi tútù, mo fọ̀ ọ́ yípo, mo ṣàn án, bébà pupa tó wà láàárín ẹ̀ ò tilẹ̀ rin. Títí débẹ̀, mi ò ṣe àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ohun tá a bá fọ̀ tá ò sá sóòrùn, ìdọ̀tí ló ṣì jẹ́ lójú ìyá mi. Ìkòkò o, aṣọ o, orí páànù ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Mo bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá ọkọ mi lé páànù ilé adìẹ lẹ́yìnkùlé, inú mi tún ń dùn pé oòrùn mú dáadáa. Mo wọlé lọ gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tí mo fi padà dé, etí ẹ̀ lápá kan ti ká sókè bí ewé tí iná rà.

Mo gbé e lé tábìlì, kò dúró. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún dìde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bú ara mi bí mo ṣe máa bú ọ̀tá mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ìyá dé.

Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, obìnrin Ègùn kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, gbọ́ ariwo, ó wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

"Ṣé o fẹ́ jó o pátápátá ni?" ó ní. "Wá gíláàsì méjì tó tẹ́jú, fi há a láàárín, jẹ́ kó gbóná díẹ̀. Kó o wá gbé nǹkan tó wúwo lé e."

Mo yọ gíláàsì fọ́tò ìgbéyàwó wa, mo yọ ti fọ́tò ọkọ mi náà. Mo dá rẹ́kọ́ọ̀dù padà sínú oòrùn tó bà á jẹ́, mo dúró tì í, mi ò sì jẹ́ kó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọlọ lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi rí ọlọ lọ ata, tí mo sì ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo ìgbà. Ọkọ mi wálé lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí ló dé tọ́bẹ̀ ò lata. Mo ní ata ti wọ́n lọ́jà Ọ̀jọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo yọ ọ́. Ó tẹ́, àmọ́ kò tẹ́ tán. Etí ẹ̀ ṣì dìde díẹ̀ níbi tórin ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni oríkì bàbá wà.

Ìyá dé lọ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe máa ń mú iná lọ ládùúgbò wa tó, mo gbàdúrà kí wọ́n tètè mú un lọ lọ́jọ́ yẹn. Iná dúró digbí. Mo gbé kọ́bọ̀ kan lé orí ọwọ́ tó gbé abẹ́rẹ́ dání, báwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe kó má baà máa fò. Ìyá tú gèlè, wọ́n dijú. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Olórin pe bàbá, ó ní "ọmọ a-gbẹ́-kànga-sẹ́nu-ọ̀nà-kálejò-lè-rómi-mu," abẹ́rẹ́ bá fò. Ó fo gbogbo oríkì tó kù, ó bọ́ sínú orin mìíràn.

Mo pa á. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, látorí ọṣẹ títí dórí ọlọ. Mo ti ń sunkún kí n tó débi oòrùn.

"Ẹ forí jì mí, mà. Mo ti ba oríkì Bàbá jẹ́."

Wọn ò bínú, ìyẹn ló tún wá bà mí lẹ́rù. Wọ́n gba rẹ́kọ́ọ̀dù náà, wọ́n fi gbogbo ìka dì í mú lójú, wọ́n gbé e sórí àga bí ẹní gbé abẹ̀bẹ̀.

"Ta ni ìyàwó ilé wa?" wọ́n bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Obìnrin ilé ló ń ki bàbá ilé. Ẹnu mi ni olórin yẹn ti gbọ́ oríkì náà. Ọdún méjì nìyí tí mo ti ń wá jókòó síbí kíwọ náà lè mọ̀ ọ́n. Ibi tó fò yẹn, kì wọ́n níbẹ̀ kí n gbọ́."

Mo lanu. Ọdún méjì ni mo ti ń nù ún lójoojúmọ́, tó bá sì ń kọrin, ohun tí etí mi ń wá kò ju bóyá ó ń ta, bóyá ó ń fò. Ìyá ń wò mí lẹ́nu, wọ́n ń dúró. Mi ò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.