Ejénti tó fẹ̀yìn ti ògiri ní Ogida

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ejénti bá kọ̀ tí kò kúrò lára ògiri, kí lẹ máa rò?

Ilé tí mo fẹ́ fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ tíṣà mi rà ló mú mi lọ wò lónìí, ní Ogida. Ó wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri iwájú ilé.

"Bàbá, ẹ tètè sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ọ̀gá kan láti GRA ti ṣe tán láti san jù yín lọ."

"Ká kọ́kọ́ wo inú ilé ná."

"Ẹ máa wọlé, sà. Olùdámọ̀ràn àgbà lórí dúkìá bíi tèmi kì í wọ yàrá kiri."

Ara fu mí. Ọmọ tó bá jókòó lé nǹkan ní kíláàsì kì í dìde kí tíṣà. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo nawọ́: "Mo ti gbà. Wá bọ̀ mí lọ́wọ́."

Ó sáré wá. Ọ̀dà funfun tí kò tíì gbẹ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fi ẹ̀yìn bò sì yọ gbangba lára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ.

Mo ní kó bá mi kí ọ̀gá GRA. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Ṣé mo ṣìkà ni, àbí ẹ̀yin ì bá sọ fún un?