Bàbá Tó Gbọ́ Èdè Sípéènì ní Gamkalley

"Cacao," ni mo kà jáde, igbá omi sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ṣàn wọ inú ebè sàláàdì, ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀. Ojú mi ló ń wò.

"Tún un kà," ló wí.

Mo tún un kà. Ìwé ẹ̀kọ́ èdè Sípéènì tí wọ́n fún wa nílé-ìwé ni. Mo jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ dé lábẹ́ igi máńgòrò. Ibi tí ẹ̀kọ́ dé ni ìgbà tí àwọn ará Sípéènì wọkọ̀ ojú omi dé Mẹ́síkò, tí wọ́n bá ọba àwọn Ásítẹ́ẹ̀kì níbi tó ti ń mu kòkó nínú ife wúrà. Bàbá wá pe gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Kò fi imú pè é bíi ti olùkọ́ wa, ẹni tí Faransé kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń yọ́ lẹ́nu bàbá ni, bí ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọgbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, ní àdúgbò Gamkalley, létí odò. Ọmọ Ìlọrin ni àwọn òbí mi, òun wá láti Ọ̀fà, ó sì ń dá gbé nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìyá mi ló máa ń rán mi gbé oúnjẹ lọ fún un tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Òórùn ilẹ̀ tútù, ti ìgbẹ́ màlúù àti ti ẹja tí àwọn obìnrin ń yan létí omi ló máa ń pàdé mi lọ́nà. Bàbá ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ Zarma, èdè ìlú náà, ó ń bá àwọn tó ń kọjá lọ sọ Haúsá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èdè mìíràn wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ló sọ fún mi. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àwọn ará Sípéènì ní erékùṣù Fẹnándò Pó. Ó fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, ọmọ erékùṣù náà, ẹnu obìnrin yìí ló sì ti kọ́ èdè. Nígbà tí ìlú dàrú mọ́ àwọn àlejò lórí, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n dá wọn padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí abúlé ìyá rẹ̀ lọ bímọ.

"Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ló bí tàbí obìnrin," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mú igbá rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ó di dandan kí n máa kàwé fún un. Ó ń bomi rin ebè, èmi ń kà, omi ń dún ṣàà lórí ewé. Mo kà nípa ọba àwọn Ínkà tí àwọn ará Sípéènì gbé ìwé lé lọ́wọ́, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú rẹ̀. Kò gbọ́ kí ìwé sọ̀rọ̀, ó jù ú sílẹ̀, wọ́n sì mú un. Ó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ kó wúrà kún yàrá kan láti fi ra ara rẹ̀ padà. Wọ́n gba wúrà tán, wọ́n pa á. Bàbá náà mirí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni ẹrúbìnrin tí wọ́n fi ta àwọn ará Sípéènì lọ́rẹ ní Mẹ́síkò, tó wá di ògbufọ̀ wọn.

"Ṣé ìwé yẹn sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Gbogbo wọn gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀," ló wí, "kò sẹ́ni tó bi í léèrè."

Nígbà tí mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn Ásítẹ́ẹ̀kì yẹn ni kòkó ti wá, ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀. "Nǹkan wọn ni mo ń rù lórí nígbà yẹn, tí mi ò mọ̀. Àwọn òyìnbó pa àwọn olóko, wọ́n gbé igi wọn lọ gbìn síbòmíràn, wọ́n wá pè mí pé kí n wá ká a."

Ní ọjọ́ kan ó bẹ ìyá mi pé kí n sin òun jáde. Ó wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, a wọ takisí lọ sí àdúgbò Plateau, sí ọ́fíìsì kan tí àwọn ará Sípéènì wà. Ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ ká wọlé. Bí ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ṣe ń lọ síbi mọ́tò rẹ̀, bàbá kí i ní èdè rẹ̀. Ó dúró, ó yọ dígí ojú rẹ̀. Wọ́n dúró nínú oòrùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Èmi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá béèrè bóyá wọ́n lè bá òun wá ìyàwó òun. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní erékùṣù náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tipẹ́, kò sí bí àwọn ṣe lè rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ bàbá mú.

Nínú takisí, mo rí omijé lójú bàbá.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe pè mí? *Usted* ló ń wí. Ẹ̀yin ló pè mí. Nínú oko kòkó, *tú* ni gbogbo wọn ń pè mí, ìwọ, ìwọ, títí kan ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn."

Mo ti fẹ́ parí ilé-ìwé nígbà tí àìsàn dá bàbá gúnlẹ̀ nínú ọyẹ́. Zarma ló kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, Haúsá tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Yorùbá náà bá wọn lọ. Ìyá mi rò pé ó ń ṣìrànrán ni, ó ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo jókòó tì í lórí ẹní. Ó pè mí ní orúkọ kan tí kì í ṣe tèmi, ó sì béèrè ní èdè Sípéènì bóyá ọmọ ti sùn.

Mo fi èdè náà dá a lóhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ti sùn.

Ó mí kanlẹ̀, ó di ojú.

"Kí ló ń wí?" ni ìyá mi béèrè.

"Ó ń béèrè ọmọ rẹ̀."

Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu. Láti ọdún wọ̀nyẹn tí ó ti ń gbọ́únjẹ fún un, kò mọ̀ pé bàbá bímọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ti lọ.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Sípéènì báyìí. Àwọn tó ti lọ sí Sípéènì máa ń sọ pé mo ń sọ ọ́ bí àgbàlagbà oko, mi ò sì fẹ́ yí i padà. Nílé, mo ń bá àwọn ọmọ mi sọ Yorùbá, Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọn kì í ṣe aláìgbọràn. Nígbà mìíràn mo máa ń wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kí n máa rò ó pé lọ́jọ́ tí àwọn èdè yòókù bá kúrò lẹ́nu mi, tó bá ku ti ìyá mi nìkan, ta ni yóò jókòó tì mí tí yóò gbọ́ ohun tí mo ń béèrè?