Ilé Méjì tí Dásọ́lá Dárúkọ

Dásọ́lá, aránṣọ ní Ìlíṣàn, kì í tètè fọkàn tán ènìyàn. Bí oníbàárà tuntun bá gbé aṣọ wá, á kọ́kọ́ bi í pé ta ló júwe ṣọ́ọ̀bù òun fún un. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pa ọjọ́ Sábáàtì mọ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn, Dásọ́lá á ní kó sọ orúkọ ìyá rẹ̀ ná.

Lọ́dún 1993, nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìbò tí gbogbo ìlú dì, àwọn ọ̀dọ́ Rẹ́mọ tú síta ní Ṣágámù. Dásọ́lá ló rán aṣọ funfun gígùn tí wọ́n kọ "Ẹ dá ìbò wa padà" sí, ó sì wà lára àwọn tó gbé e. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n kó ènìyàn rẹpẹtẹ. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn yòókù, nítorí náà òun nìkan ni wọ́n tì mọ́ sẹ́ẹ̀lì obìnrin.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í: ta ló tẹ ìwé pélébé tí ẹ pín? Ó mọ onítọ̀hún, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i, ọlọ́pàá kan tó jẹ́ kọ́pùrà sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á ná, sà," ni Dásọ́lá wí.

Bí wọ́n ṣe wọ́ ọ padà sẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti obìnrin àgbàlagbà kan mọ́ ọn. Adétóun lorúkọ rẹ̀, èdè Rẹ́mọ tó dán bíi ti àwọn ará Ìsarà ló ń sọ. Ó ní òun jà lọ́jà ni. Ó bu búrẹ́dì fún Dásọ́lá, ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ kó lè sùn. Ṣùgbọ́n Dásọ́lá wò ó dáadáa: obìnrin tó jà lọ́jà, èékánná ò kàn án lójú, gèlè rẹ̀ ò sì tú. Nígbà tó yá, obìnrin náà béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, àwọn tí ẹ jọ ṣe é dà? Níbo ni wọ́n sá sí?"

Dásọ́lá ṣe bí ẹni pé oorun ń kùn ún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni lọ́yà kan dé, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọláníyọnu. Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn tí wọ́n tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́.

"Ta ló rán yín wá?" ni Dásọ́lá bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Òfin ò gbà kí wọ́n tì yín mọ́bí láìgbé yín dé kóòtù."

"Èló lẹ máa gbà?"

"N kò ní gba kọ́bọ̀."

Ìdáhùn yẹn ló dẹ́rù bà á jù. Ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Ó sì ti gbọ́ tí kọ́pùrà ń pe lọ́yà náà lórúkọ, tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín nídìí káńtà. Ó rántí pé ọlọ́pàá inú náà lè wọ aṣọ dúdú bíi ti lọ́yà.

Ó bá dá ọgbọ́n kan. Ó sọ sí lọ́yà létí pé inú ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ní Ògèrè ni wọ́n kó ìwé pélébé tó kù sí. Nígbà tó padà sẹ́ẹ̀lì, ó sọkún díẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ fún Adétóun pé inú àká obì àtijọ́ kan tí kò sẹ́ni tó ń lò mọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni àwọn tó bá òun ṣe é sá sí. Irọ́ ni méjèèjì.

Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n pe Adétóun síta pé ẹbí rẹ̀ ti wá. Kò padà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kọ́pùrà ṣílẹ̀kùn wọlé tìbínú-tìbínú. Ó gbá Dásọ́lá létí. "O rò pé o gbọ́n? Eku nìkan la bá nínú àká Ìkẹ́nnẹ́ yẹn!"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀: Adétóun nìkan ló sọ ti Ìkẹ́nnẹ́ fún. Nígbà tí lọ́yà tún dé, tí kọ́pùrà sì rìn kúrò díẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ Ògèrè. Ọláníyọnu gbójú sókè wò ó.

"Ẹ dán èmi náà wò?"

"Ẹ má bínú, sà. N kò mọ̀ yín rí."

"Ẹ ò jẹ̀bi," ló wí, ó sì ní kó yíjú sí ìmọ́lẹ̀ kí òun lè rí ibi tí wọ́n ti gbá a.

Ó pẹjọ́. Adájọ́ ní kí àwọn ọlọ́pàá kó gbogbo àwọn tí wọ́n mú wá, kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Wọn ò rí kan sọ. Wọ́n tú gbogbo wọn sílẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Dásọ́lá ń ra òwú ní Ṣágámù nígbà tó já lu Adétóun. Obìnrin náà fẹ́ yà, ṣùgbọ́n Dásọ́lá ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

"Kí ni mo fi ṣe yín, mà?"

Omijé bọ́ lójú Adétóun. "Ọmọ mi Àlímì ni wọ́n mú dání. Wọ́n ní bí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀. Títí di òní, n kò rí i."

Dásọ́lá wo ojú rẹ̀ títí. Ẹkún náà jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n inúure inú sẹ́ẹ̀lì náà ti jọ òótọ́ rí. Síbẹ̀, ó lọ bá Ọláníyọnu. "N kò mọ̀ bóyá irọ́ tún ni. Ẹ bá mi wádìí rẹ̀."

Lọ́yà wádìí káàkiri, ó sì rí Àlímì nínú àtìmọ́lé kan ní Abẹ́òkúta. Wọn ò fẹ̀sùn kankan kàn án. Kóòtù ló gbà á sílẹ̀.

Ìyá àti ọmọ wá sí Ìlíṣàn láti dúpẹ́. Dásọ́lá fún wọn ní àga àti omi.

"Ṣé o ti dárí jì mí?" ni Adétóun béèrè.

"Mo ti dárí jì yín, mà. Ẹ ṣì ní sùúrù fún mi ná kí n tó lè fọkàn tán yín."

Adétóun mi orí pé ó yé òun. Ó yọ aṣọ kan nínú báàgì, ó ní kó bá Àlímì rán ṣòkòtò, nítorí èyí tó wọ̀ ní àtìmọ́lé ti gbó mọ́ ọn lára. Dásọ́lá mú téèpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà.